Ẹ̀wù Èémí Tí Mo Wọ̀ Wọ Kòtò Adákẹ́

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí ó bá ní ìkòkò lórí iná, kí ó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nísinsìnyí, nítorí ọbẹ̀ tó bá jóná nítorí ìtàn mi, kì í ṣe èmi ni n ó jẹ ẹ́. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ tán kí oòrùn tó kan òrùlé ṣọ́ọ̀bù Ògúnṣeyè káfíńtà tó kọjú sí ilé mi yìí, nítorí ẹnì kan ń bọ̀ wá pè mí. Ọdẹ́jìnmí ni mí, ọmọ Ọdẹ́yalé, ará abúlé Olókùúta. Ẹ ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ọdẹ dà bí ìbọn rẹ̀, bí a kò bá yìn ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yóò dípẹtà. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n tí ó lé gbogbo ará oko gun orí àjà. Èmi ni mo bá ìkookò jókòó lórí àpáta kan náà títí òjò fi dá, tí a sì pínyà láìbá ara wa sọ̀rọ̀ bí èrò tó jọ wọ ọkọ̀ kan. Ògúnṣeyè, mo rí ọ bí o ṣe ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Rẹ́rìn-ín tẹ́ ara rẹ lọ́rùn, ọjọ́ tí ejò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ, ta ni o sáré wá ké pè?

Gbogbo ẹran tí mo ti pa, gbogbo iwin tí a ti jọ wọ̀yá ìjà, mo fi wọ́n sílẹ̀ lónìí. Ìrìn àjò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, èyí tí n kò gbé ìbọn lọ, tí n kò sì gbé ẹran bọ̀. Ẹ̀wù ni mo wọ̀ lọ. Ẹ̀wù náà nípọn, ó funfun, ó bò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, akoto rẹ̀ ní gíláàsì lójú, rọ́bà sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ wọ inú. Bí bàbá mi bá jí lójú orun tí ó rí mi nínú rẹ̀, ìbọn ni yóò kọ́kọ́ yìn kí ó tó bi mí pé ta ni mí.

Ẹ mọ Ìbíyẹmí ọmọ mi. Òun nìkan ni mo bí. Ìyá rẹ̀ ṣípò padà nígbà tí ọmọ náà ń pààrọ̀ eyín, láti ìgbà náà ni èmi àti òun ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Bí mo bá ń ti igbó bọ̀, n kì í ké pè é. Ọdẹ kì í ké orúkọ èèyàn rẹ̀ nínú igbó, kí ohun tí kò ní orúkọ má baà gbà á lò. Bí wọ́n bá sì pe ọdẹ nínú igbó tí kò rí ẹni tó pè é, kò gbọdọ̀ dáhùn. Ẹ̀kọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ kọ́ mi nìyẹn, kí ó tó kọ́ mi bí a ṣe ń rọ ẹ̀tù sínú ìbọn. Súfèé ni mo máa ń fi pe ọmọ mi láti ẹ̀yìn odò, méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Òun náà á súfèé padà láti ẹnu ọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n nítorí pé eyín iwájú rẹ̀ ti yọ nígbà tó kọ́ ọ, tirẹ̀ máa ń já láàárín bí okùn tó ti gbó. Eyín náà hù padà, ọmọ dàgbà, ó lọ sí yunifásítì, súfèé rẹ̀ kò bọ̀ sípò. Ó ń já síbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ.

Ní ọjọ́ kan ó wá sílé láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ránṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bu ìrẹsì fún mi, ó jókòó tì mí. Ó ní: "Bàbá mi, wọ́n ti yàn mí o."

Mo ní: "Wọ́n yàn ọ́ sí ipò wo?"

"Wọ́n yàn mí pé kí n wà lára àwọn tí yóò wọ ọkọ̀ ojú sánmà, èyí tó ń lọ kọjá ìkùukùu."

Mo gbé abọ́ ìrẹsì sílẹ̀. Mo bi í pé irú afẹ́fẹ́ wo ló wà lókè lọ́hùn-ún. Ó ní kò sí rárá. Mo ní kí ni wọn ó wá máa mí? Ó ní: "Èyí tí a bá gbé lọ ni." Ó wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bọ́ ọmọdé. Ó ní èémí tí a bá mí síta, bí kò bá rí ibi gbà lọ, májèlé ni í dà. Nínú yàrá, fèrèsé ní ń gbé e lọ. Nínú ẹ̀wù, kò sí fèrèsé. Nítorí náà wọ́n di ìyẹ̀fun funfun kan sínú agolo lẹ́yìn ẹ̀wù náà, ìyẹ̀fun náà ni yóò máa jẹ èémí àlòkù, sílíńdà kékeré yóò sì máa fún èèyàn ní tuntun. Bí ìyẹ̀fun bá yó jù, tàbí tí ẹ̀wù bá lu, ó parí nìyẹn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé inú ọmọ náà ń dùn bó ṣe ń sọ ọ́, n kò sì rí ibi tí n ó fi inú tèmi sí.

Wọ́n ti dán ẹ̀wù náà wò ní ìlú ńlá, nínú yàrá onírin tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ó yege. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà ní ẹni tó jókòó sójú kan nínú yàrá kò tíì ṣe nǹkan kan. Wọ́n ń fẹ́ ibi tí èèyàn yóò ti rìn, tí yóò gun òkè, tí yóò làágùn, tí yóò ṣubú tí yóò sì dìde, láìsí afẹ́fẹ́ tí ó ṣeé mí níta. Ìbíyẹmí, ọmọ ọdẹ, ni ó la ẹnu sọ fún wọn pé irú ibẹ̀ wà ní ẹ̀yìn abúlé wa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níbí ti mọ Kòtò Adákẹ́ tó wà láàárín Igbó Ọ̀gànwó. Bí ẹ bá fi okùn sọ àtùpà kalẹ̀ sínú rẹ̀, yóò kú kí ó tó kan ilẹ̀. Ìgalà tó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ koríko ibẹ̀ kì í gòkè mọ́. Afẹ́fẹ́ burúkú dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí omi tí a kò rí, àwọn ọdẹ sì máa ń yí i ká lókèèrè.

Àwọn èèyàn náà dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù àti àgọ́. Ọ̀gá wọn ni Ẹnjinníà Gbọ́lágadé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè, tó sì máa ń nu gíláàsì ojú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti sú u. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá. Ìbíyẹmí ní òun ni yóò wọ̀ ọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ kò jọ bẹ́ẹ̀. Mo ní: "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò sí ẹ̀wù tí ọmọ mi yóò wọ̀ lọ sí ibi tí kò sí èémí tí èmi kò ní kọ́kọ́ wọ̀. Ta ni ó sì mọ ọ̀nà inú kòtò náà nínú gbogbo yín?"

Ẹnjinníà nu gíláàsì ojú rẹ̀ títí. Nígbà tó ṣe, ó ní: "Ó dára, Bàbá Ìbíyẹmí. Ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó rìn dé ìdí igi arère tó ti kú láàárín kòtò, ẹ ó jókòó síbẹ̀. Aago kan wà lápá yín, kì í ṣe aago ìgbà, èémí ló ń wọ̀n. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kan ojú pupa, ẹ máa bọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. A ó máa pè yín létí nínú akoto náà. Bí a bá ti pè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáhùn. Bí a kò bá gbọ́ yín, a ó gbà pé èémí ti bọ́ lẹ́nu yín."

Mo mi orí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ irú orí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀mọ̀wé bá ń sọ̀rọ̀, àgbà a máa mi orí kí ọ̀rọ̀ lè tán kíá. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ohun tí ọkùnrin náà ní kí n ṣe ni bàbá mi fi ẹgba kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ ṣe láéláé.

Wọ́n wọ ẹ̀wù fún mi. Wọ́n dé akoto lé mi lórí, wọ́n yí i, ó dún gbọ̀ọ̀, ariwo ayé sì dáwọ́ dúró. N kò gbọ́ ẹyẹ mọ́. N kò gbọ́ ewé. Mo ń rí ẹnu Ìbíyẹmí tó ń mì, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Èémí mi nìkan ni mo ń gbọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó ń fa pákó lórí ilẹ̀ yàrá kejì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń dá wà nínú igbó tí kò ṣe mí ní nǹkan kan, nítorí bí mo bá wà lórí igi, mo mọ̀ pé ọmọ kan wà nílé tí yóò bi mí pé kí ni mo pa. Ìdáwà inú ẹ̀wù yìí yàtọ̀. Ara mi kò kan ohunkóhun. Mo fọwọ́ kan igi, ìbọ̀wọ́ ni mo fọwọ́ kàn.

Nígbà tí mo dé ẹ̀bá kòtò, mo bá ẹnì kan tó jókòó lójú ọ̀nà. Ó kúrú bí odó. Ẹnu rẹ̀ wà ní orúnkún, ojú rẹ̀ wà níbi tí ojú ń wà, ṣùgbọ́n kò ní imú rárá, ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Ògúnṣeyè, o tún ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ìwọ ti dé ibẹ̀ rí? Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ dí mi lọ́nà, orúnkún náà sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, akoto kò dí ohùn rẹ̀.

"Ọdẹ, kí ni o gbé wá tí o kò lè sọ̀ kalẹ̀ kí o sinmi?"

Mo ní: "Òjìji mi."

"Bí oòrùn bá wọ̀, òjìji rẹ a sinmi. Tún un rò."

"Orúkọ mi."

"Bí o bá sùn, orúkọ rẹ a sùn. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Bí o bá tún ṣì í, imú rẹ ni n ó gbà."

Mo dákẹ́. Nínú ìdákẹ́ náà ni mo gbọ́ ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ létí mi. Mo ní: "Èémí ni. Bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, n kò ní gbé e mọ́."

Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà pẹ̀lú ìbínú, nítorí imú mi ti wọ̀ ọ́ lójú. Bí mo ṣe ń kọjá, ó ní: "Ẹnì kan wà nísàlẹ̀ tí yóò bá ọ dúnàádúrà. Ohunkóhun tó bá fún ọ, mọ̀ pé ohun tìrẹ náà ló ń tà fún ọ." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ orúnkún náà, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí kòtò náà ṣe rí, nítorí n kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú yín yóò lọ wò ó. Koríko rẹ̀ ga, kò sì mì. Egungun wà káàkiri, ìgalà, ẹtu, ẹyẹ, ọ̀bọ kan tó dì mọ́ ọmọ rẹ̀. Eṣinṣin kan kò sí lára wọn. Mo rìn láàárín wọn, òógùn ń ṣàn sí mi lójú n kò sì lè nù ún. Mo kọsẹ̀ lára egungun kan, mo ṣubú, mo dìde. Ẹ̀wù kò já. Mo dé ìdí arère, mo jókòó, mo wo aago apá mi. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní ojú aláwọ̀ ewé, ó jìnnà sí pupa. Mo ń mí dáadáa. Mo ní nínú ara mi pé ẹni tó rán ẹ̀wù yìí mọ iṣẹ́.

Ìgbà náà ni ohùn kan pè mí. "Ọdẹ́jìnmí!" Ohùn Ìbíyẹmí ni, kò yẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kò pe orúkọ mi rí láti ọjọ́ tó ti dáyé, àfi bí ó bá fẹ́ kí n fi ọwọ́ ẹ̀yìn gbá a lẹ́nu. N kò dáhùn. Mo yí ọrùn wò, mo sì rí ẹni tó pè mí. Ó jókòó lórí gbòǹgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tí a jọ wá. Bí kùrukùru ni ara rẹ̀ rí, ojú mi gan-an ni ojú rẹ̀, ilà mi wà níbẹ̀, àpá tí ẹtu fi ìwo ṣe sí mi lágbọ̀n wà níbẹ̀.

"Káàbọ̀ sílé," ni ó wí.

"Ilé ta ni?"

"Ilé tiwa. Gbogbo èémí tí o ti mí síta láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọ, kò sí èyí tó sọnù, èmi ni mo kó wọn jọ. Àlòkù ni orúkọ mi."

Mo ní: "Ìyẹ̀fun tó wà lẹ́yìn mi ń jẹ ọ́."

"Jẹ́ kí ó jẹ. Yóò yó láìpẹ́. Ṣé o ti rí ohun tó ń jẹun rí tí kì í yó?"

Mo ní mo ti rí ọ̀kan, káfíńtà kan ní abúlé wa, ní ibi ìkómọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ mi. Ó ní: "O lẹ́nu. Jẹ́ kí n pa àlọ́ kan fún ọ. Kí ni a ń tọ́ dàgbà kí ó lè fi wá sílẹ̀?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ahọ́n mi kò gbé e. Mo rí ilé mi lójú ara mi, abọ́ kan lórí tábìlì, ìjókòó kan, ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò dúró sí. Àlòkù rí i pé ọfà òun ti bà mí, ó mi orí bí àgbà. Mo fi agídí bò ó, mo ní: "Bí ó bá jẹ́ pé èémí mi ni ọ́ lóòótọ́, súfèé kí n gbọ́." Ó kó ẹnu jọ. Ó fẹ́, ó fẹ́. Kò sí ohun tó jáde. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ eérú pé kí ó ràn. Ó dojú kọ ilẹ̀. Ó ní súfèé ń fẹ́ èémí tuntun, òun kò sì ní. Èyí nìkan ni mo fi borí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò sì mọ̀ nígbà náà pé ó tó.

Nígbà tí ó gbé orí sókè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ọdẹ́jìnmí, n kò bá ọ jà. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ ni mo mọ̀, inú ibẹ̀ ni mo ti jáde wá. Bí ẹ̀wù yìí bá dára, ọmọ yóò lọ. Bí kò bá dára, ọmọ yóò dúró. Wo ẹ̀gún yìí." Ẹ̀gún kan wà lórí itan mi, gígùn, dúdú, n kò mọ ìgbà tó débẹ̀. "Fi gún apá ẹ̀wù díẹ̀. Kékeré. Kí o sì sáré gòkè. Kò ní pa ọ́. Wọn yóò rí i pé ó lu, wọn yóò ní iṣẹ́ kò yanjú, wọn yóò dá ọkọ̀ dúró. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ọmọ rẹ yóò padà wá bá ọ jẹun."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, mo sì rí i kedere pé ohun tó ní kí n ṣe burú. Ṣùgbọ́n mo mú ẹ̀gún náà. Mo fi ẹnu rẹ̀ lé ọrùn ọwọ́ mi, mo tẹ̀ ẹ́, ó fa ìlà dúdú kan sí ara aṣọ náà, kò tíì wọlé. Mo dá dúró bẹ́ẹ̀. Mo ń gbọ́ èémí mi. Àárò ọmọ kan tí kò tíì kúrò nílé ń sọ mí.

"Bàbá mi!" Ohùn náà wọlé sí mi létí. "Bàbá mi, ẹ dá wa lóhùn."

Mo wo Àlòkù. Ó ń wò mí. Mo ní nínú ara mi pé, ẹni yìí gbọ́n o, ó ti rí i pé ọmọ mi kì í pe orúkọ mi, ó ti yí i padà. N kò dáhùn. Ó tún pè. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀." Ohùn Ẹnjinníà náà tẹ̀lé e: "Bàbá Ìbíyẹmí, ṣé ẹ ń gbọ́ wa?" Mo pa ẹnu mọ́. Igbó kan kì í pe Ọdẹ́jìnmí kí ó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó, tí mo tẹ orí ba, tí mo di ẹ̀gún mú, mo ń yangàn nínú ara mi pé mo ti ta ọgbọ́n iwin yọ. Ìpè náà dá. Kò sí ohùn kankan mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Àlòkù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: "Gún un."

Ìgbà náà ni súfèé wọ inú akoto mi. Méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn, èyí gígùn náà sì já láàárín.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀gún bọ́ lọ́wọ́ mi. Àlòkù kò lè súfèé. Ojú mi ni ó ti gbìyànjú tí kò jáde. Ọmọ mi ni. Òun náà ni ó ń pè mí láti ẹ̀ẹ̀kan, èmi sì jókòó tí mo ń fi ọgbọ́n ọdẹ ṣe òkú. Mo gbójú sókè, mo sì rí i. Ó wà nínú kòtò. Ó ti kọjá ẹ̀bá, ó ti dé ibi tí àtùpà ń kú sí, láìsí ẹ̀wù, láìsí akoto, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rò pé mo ti ń kú lọ. Ó ti di èémí rẹ̀ mú, ó sì ń sáré bọ̀ wá gbé mi. Nígbà tó rí i pé ọ̀nà ṣì jìn tí èémí òun kò ní tó o, ó rántí pé ọdẹ kì í dáhùn ìpè. Èémí tó dì mú láti fi dé ọ̀dọ̀ mi, òun náà ni ó fi súfèé. Lẹ́yìn ìyẹn, orúnkún rẹ̀ yẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe sáré. Ẹ̀wù yẹn wúwo, ẹ̀yin náà rí i nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ. Àlòkù gbá mi mú lẹ́yìn, ó ń ké orúkọ mi lóhùn bàbá mi, lóhùn ìyá Ìbíyẹmí, gbogbo ohùn tó dùn mí ni ó fi pè mí. N kò wẹ̀yìn. Mo gbé ọmọ mi lé èjìká bí mo ṣe máa ń gbé e kọjá odò, mo bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè. Aago apá mi kan ojú pupa, ó kọjá rẹ̀. Ìyẹ̀fun ti ń yó. Orí mi ń kún, ojú mi ń ṣú, ẹ̀wù sì ń fún mi ní èémí síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tó ń fún ọmọ ní èyí tó kù nínú ìkòkò. Aláìnímú ṣí ọ̀nà fún mi láìpa àlọ́. Ẹnjinníà àti àwọn èèyàn rẹ̀ ju okùn sí wa láti òkè, wọ́n fà wá jáde.

Wọ́n tẹ́ ọmọ náà sórí koríko. Wọ́n fi rọ́bà èémí sí i nímú. Èmi wà nínú akoto tí wọn kò tíì ráyè ṣí, mo ń pariwo, ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ wọn ti bọ́ sínú kòtò, kò sẹ́ni tó gbọ́ mi. Láyé mi, n kò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó pẹ́ kí ó tó wúkọ́. Nígbà tó la ojú, wọ́n ti ṣí akoto kúrò lórí mi, èmi ni ó kọ́kọ́ wò, ó sì bínú.

"Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ kò dáhùn?"

Mo ní: "Ọmọ ọdẹ ni ọ́, o sì ń bi mí? Kí ló dé tí o kò kọ́kọ́ súfèé?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ kò jẹ́. Ẹnjinníà Gbọ́lágadé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó gbé ọwọ́ mi, ó sì rí ìlà dúdú tí ẹ̀gún fà sí ọrùn ọwọ́ ẹ̀wù. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé: "Bàbá, ṣé ibí yìí lu? Ṣé ẹ nímọ̀lára pé afẹ́fẹ́ ń jò?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, Àlòkù kò sí níbẹ̀, kò sí ẹni tó mú mi lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ kan lásán, "bẹ́ẹ̀ ni", ni mo nílò. Kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi yóò dúró nílé, kò sẹ́ni tí yóò bi mí léèrè mọ́ títí n ó fi kú. Mo wo Ìbíyẹmí. Ètè rẹ̀ ti funfun, eruku wà nínú irun rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń bi mí ní ohun kan náà tí Ẹnjinníà ń bi mí. Ó ti ná èémí rẹ̀ kí n lè padà wálé. Ojú wo ni n ó wá fi já a kulẹ̀?

Mo ní: "Kò lu. Ẹ̀gún ló ha á, kò wọlé. Mo ṣubú nínú rẹ̀, mo gun òkè nínú rẹ̀, mo gbé èèyàn nínú rẹ̀, ó sì gbé mi dé. Ẹ̀wù náà dára. Ẹ jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́ lọ." Lẹ́yìn náà ni mo bú sẹ́kún, n kò sì bò ó.

Ó lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó lọ, a jọ dúró síta tí a gbójú sókè ni. Ilé mi dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ju kòtò lọ. Díẹ̀ ni oúnjẹ tí mo ń sè, díẹ̀ ni mo ń jẹ. Nígbà mìíràn, mo máa ń bu tirẹ̀ sínú abọ́ kí n tó rántí. Ẹnjinníà, kí Ọlọ́run má gbàgbé rẹ̀, ló gbé àpótí kan wá fún mi, èyí tó wà lórí fèrèsé mi yìí tí ẹ ti ń wò láti àárọ̀. Ó ní bí ọkọ̀ wọn bá ń kọjá lókè wa ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà yóò fi pè mí. Mo bi í pé bí ó bá pè mí, tí n kò sì rí i, ṣé kí n dáhùn? Ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní: "Bàbá, ẹ dákun."

Bàbá mi, Ọdẹ́yalé, ẹ forí jì mí níbi tí ẹ wà. Ògúnṣeyè, wo òrùlé rẹ, oòrùn ti kàn án. Ẹ dákẹ́ ná. Kí ìyá ọmọ yẹn fi ọmú sí i lẹ́nu. Ẹ dákẹ́.

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Ó já láàárín.

"Mo wà níbí o, ọmọ mi. Mo ń gbọ́ ọ. Sọ̀rọ̀."